Odò Ni Wọ́n Wò Kí Wọ́n Tó Sọ Ìlú Lórúkọ: Ìrìn Kan ní Dendermonde

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní Dendermonde, ìlú kan ní Flanders ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀m, odò ni wọ́n wò. Dender ni orúkọ odò tó ń ti gúúsù bọ̀. “Monde” wá láti inú “mond”, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Flanders ń lò fún ẹnu. Ibi tí Dender ti ń tú omi rẹ̀ sínú odò ńlá Schelde ni ìlú náà wà. Kò sí orúkọ ọba tàbí ti jagunjagun nínú rẹ̀. Ìlú ẹnu odò ni.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi ti ọjà bẹ̀rẹ̀ ìrìn mi. Etí omi ni mo kọ́kọ́ gbà lọ, nítorí mo gbà pé kò sí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí ìlú yìí, ìbáà ṣe ọrọ̀, ìbáà ṣe ogun, ìbáà ṣe ìtàn tí ìyá ń pa fọ́mọ, tí kò ti ẹnu odò yẹn wá.

Mo gun òkè amọ̀ gíga tí wọ́n mọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Schelde láti dá omi dúró. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ń kọjá, wọ́n ń kí ara wọn. Omi ti fà nígbà tí mo débẹ̀: ẹrẹ̀ dúdú ń dán lábẹ́ òkè náà, koríko etí omi sì dúró gbọn-in nínú rẹ̀. Òkun jìnnà sí ibí yìí, síbẹ̀ agbára rẹ̀ ń dé ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni òkun ń ti omi Schelde padà sókè, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ń fà á lọ, títí dé ẹ̀bá ìlú Ghent. Àwọn ọlọ́kọ̀ ayé àtijọ́ mọ ìyẹn lò dáadáa. Wọ́n á dúró de omi tó ń kún, omi á sì gbé wọn lọ sókè odò pẹ̀lú ẹrù wọn.

Schelde ti ilẹ̀ Faransé wá, ó gba Ghent àti Antwerp kọjá kó tó bọ́ sínú òkun ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì. Dender kéré sí i púpọ̀. Ìlú Ath ni odò kékeré méjì ti pàdé di ọ̀kan tí à ń pè ní Dender, ó sì ṣàn gba Geraardsbergen, Ninove àti Aalst, nǹkan bíi kìlómítà 65, kó tó dé ìparí rẹ̀ níbí. Nínú ìwé Látìn àtijọ́, Tenera ni wọ́n ń pè é. Àwọn onímọ̀ nípa orúkọ ilẹ̀ gbà pé orúkọ yẹn ti wà kí èdè Dutch tó débẹ̀, pé àwọn tó ń gbé etídò náà láyé ọjọ́un ló fi sílẹ̀ fún àwọn tó dé lẹ́yìn wọn. Ìdí rèé tí àwọn àkọsílẹ̀ ayé àtijọ́ fi kọ ọ́ ní Tenremonde, tí àwọn elédè Faransé sì ń pè é ní Termonde títí dòní. Ìran kan lọ, ìran mìíràn dé, èdè yí padà, ṣùgbọ́n odò kò pààrọ̀ orúkọ.

Dendermonde nìkan kọ́ ni wọ́n sọ lórúkọ báyìí. Bí èèyàn bá bá Schelde ṣàn lọ sísàlẹ̀, yóò kan Rupelmonde, níbi tí odò Rupel ti ń wọlé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Gerardus Mercator, ọ̀gá àwọn ayàwòrán ilẹ̀ ayé, ní ọdún 1512. Ní Nẹ́dálándì, Roermond wà ní ẹnu odò Roer. Ẹni tó bá mọ orúkọ àwọn ìlú wọ̀nyí ti mọ ibi tí odò ti pàdé odò láìtíì wo máàpù.

Mo kúrò létí Schelde, mo wọ inú ìlú. Dender tí mo bá láàárín ìlú kò ṣàn mọ́. Oude Dender, Dender Àtijọ́, ni wọ́n ń pè é. Ní ọ̀rúndún ogún ni wọ́n gbẹ́ ọ̀nà tuntun fún odò náà kí ọkọ̀ ńlá lè rí ọ̀nà gbà, wọ́n sì fi ìlẹ̀kùn omi sí ibi tó ti ń bọ́ sínú Schelde. Ẹnu odò ti ṣí kúrò níbi tó wà nígbà tí wọ́n sọ ìlú lórúkọ. Síbẹ̀, omi tó dákẹ́ yìí ṣì wà láàárín ilé, òjìji àwọn ilé bíríkì sì hàn nínú rẹ̀.

Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ díẹ̀ ló kù sí Grote Markt, ọjà ńlá. Ní ọdún 1233 ni Robrecht, olúwa Béthune àti Dendermonde, fún ìlú yìí ní ìwé ẹ̀tọ́ láti máa ṣe ìjọba ara rẹ̀. Ohun méjì ni ojú kọ́kọ́ bọ́ sí ní ọjà náà. Èkíní ni ilé ìjọba ìbílẹ̀, tó jẹ́ gbọ̀ngàn àwọn oníṣòwò aṣọ ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, tí ilé ìṣọ́ agogo ga lórí rẹ̀. Ilé ìṣọ́ yẹn wà lára àwọn tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun ìní gbogbo ayé ní 1999. Èkejì ni Vleeshuis, ilé ẹran, tí wọ́n kọ́ láàárín 1460 sí 1462 fún àwọn alápatà. Ilé àkójọ ohun àtijọ́ ni báyìí, egungun mammoth, ẹranko bí erin tó ti kú run láyé, sì wà nínú rẹ̀. Kò jìnnà síbẹ̀ ni Vlasmarkt wà, tó túmọ̀ sí ọjà ọ̀gbọ̀. Ọ̀gbọ̀ ni wọ́n fi ń hun aṣọ funfun tí Flanders fi lókìkí. Aṣọ, ẹran, ọ̀gbọ̀: omi ló gbé gbogbo wọn wá, omi ló sì gbé wọn lọ.

Yorùbá ní omi kò lọ́tàá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó síbi tí odò méjì ti pàdé, tó ń ṣọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá, kò lè ṣàìní ọ̀tá. Ní ọdún 1484, Maximilian ti ìdílé Habsburg fi ẹ̀tàn gba ìlú yìí: àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wọ aṣọ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn lọ́kùnrin lóbìnrin, wọ́n sì bá ẹnubodè wọlé. Ní 1667, Louis Kẹrìnlá, ọba Faransé tí gbogbo Yúróòpù ń bẹ̀rù, kó ogun wá síbẹ̀. Àwọn ará ìlú ṣí ìlẹ̀kùn omi. Odò ya bo pápá, ọ̀nà di adágún, ọba náà sì kó ogun rẹ̀ padà lọ́wọ́ òfo. Odò tó fún wọn lórúkọ ló gbà wọ́n.

Ọdún 1706 ni ààbò yẹn já wọn kulẹ̀. Ọ̀dá mú ní ọdún náà. Òjò kọ̀, omi tó yí ìlú ká fà, ilẹ̀ sì le débi pé ọmọ ogun lè dúró lé e lórí. Ogun àpapọ̀ tí Marlborough, ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ olórí rẹ̀ sún mọ́ odi, ìlú sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní oṣù kẹsàn-án. Nígbà tí mo gba òpópónà Oude Vest, tí orúkọ rẹ̀ ń rántí yàrà odi àtijọ́, mo ronú lórí bí ó ṣe jẹ́ pé ìwọ̀n omi inú yàrà ló ń pinnu ẹni tí yóò jọba lé àwọn èèyàn wọ̀nyí lórí. Odi àti ẹnubodè tó ṣẹ́ kù lónìí, bíi Brusselse Poort àti Mechelse Poort, kò ti àwọn ogun yẹn wá. Àsìkò tí Bẹ́ljíọ̀m wà lábẹ́ Nẹ́dálándì, láàárín 1815 sí 1830, ni wọ́n kọ́ wọn.

Kò sí omi tó lè gba ìlú náà lọ́wọ́ ohun tó dé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1914. Àwọn ọmọ ogun Jámánì wọlé, wọ́n sì dáná sun ìlú. Ju ìdajì ilé ìlú lọ ló jóná, ilé ìjọba ìbílẹ̀ àti ilé ẹjọ́ wà lára wọn. Bẹ́ljíọ̀m ka Dendermonde mọ́ àwọn ìlú méje tí wọ́n ń pè ní ìlú ajẹ́rìíkú nínú ogun yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí àlejò ń rí ní Grote Markt tó sì ń rò pé ó ti wà láti ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́fà, lẹ́yìn iná yẹn ni wọ́n tún un kọ́, òkúta lórí òkúta. Mo bọ̀wọ̀ fún ìpinnu yẹn. Wọn ò kó lọ síbòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò sọ ọjà wọn di nǹkan mìíràn.

Iná kò ba ṣọ́ọ̀ṣì Onze-Lieve-Vrouw, ti Ìyá wa Màríà, tó wà ní Kerkstraat jẹ́. Mo wọlé, mo sì rí àwòrán méjì tí Anthony van Dyck yà ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún: ọ̀kan nípa ikú Jésù lórí àgbélébùú, ìkejì nípa àwọn olùṣọ́-àgùntàn tó wá kí i nígbà tí wọ́n bí i. Ṣùgbọ́n àwo ìrìbọmi ọ̀rúndún kejìlá ló dá mi dúró jù. Òkúta dúdú Tournai ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ìlú Tournai sì wà létí Schelde kan náà, lókè odò. Orí omi ni wọ́n ti ń kó irú òkúta bẹ́ẹ̀ wá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà ni ère Pieter-Jan De Smet wà, àlùfáà tí wọ́n bí níhìn-ín ní 1801, tó kọjá òkun lọ sí Amẹ́ríkà, tó sì lo ayé rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀. Ní 1868, ó lọ bá Sitting Bull, olórí àwọn Lakota, sọ̀rọ̀ àlàáfíà.

Mo gba Brusselsestraat lọ sí Begijnhof. Àwọn obìnrin tó fi ayé wọn fún Ọlọ́run láìjẹ́ ẹ̀jẹ́ bíi ti àwọn sístà ló ń gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ wọn, wọ́n ń bọ́ ara wọn. Ilé kéékèèké yí koríko tútù ká, ẹnubodè kan ló wọ ibẹ̀, ariwo ọjà sì parẹ́. Ó wà lára àwọn begijnhof Flanders 13 tí UNESCO fọwọ́ sí ní 1998.

Mo ti fi ìtàn tó tóbi jù lọ sílẹ̀ di ìparí, nítorí òun náà, ẹnu odò ló ti wá. Àwọn ará Dendermonde ń sọ nípa ọmọkùnrin mẹ́rin, ọmọ Aymon, Reinout ni akọni wọn, àti ẹṣin wọn Beiaard, tó lágbára tó láti gbé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n bá Ọba Charlemagne jà. Nígbà tí àlàáfíà dé, ọba ní òun kò ní dárí jì wọ́n àfi bí wọ́n bá fi ẹṣin náà lé òun lọ́wọ́. Ibi tí Dender ti pàdé Schelde ni wọ́n gbé e lọ. Wọ́n so òkúta ọlọ mọ́ ọn, wọ́n sì tì í sínú odò. Ẹṣin náà fọ́ ọlọ, ó sì wẹ̀ padà sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n tún tì í sínú odò, ó tún jáde. Nígbà tó yọrí lẹ́ẹ̀kẹta, Reinout ti yíjú padà nítorí kò lè wò ó mọ́. Beiaard rò pé ọ̀gá òun ti kọ òun sílẹ̀, ó sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún omi.

Ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni ìlú ń gbé ẹṣin yẹn jáde ní òpópónà. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ó ga ju ìlọ́po méjì èèyàn lọ, ó sì wọn nǹkan bí 800 kílò. Àwọn tó ń gbé e ni pijnders, ẹgbẹ́ àwọn alábàárù tí wọ́n ń já ẹrù ọkọ̀ létí odò láyé àtijọ́. Èèyàn 12 ló ń wà lábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn mìíràn sì ń dúró láti gbà á lọ́wọ́ wọn. Èjìká tó ń ru ẹrù ọkọ̀ láti etídò ló wá ń ru ìtàn ìlú. Ní 2005, UNESCO ka ayẹyẹ yìí mọ́ àwọn ìwọ́de òmìrán Bẹ́ljíọ̀m àti Faransé tó yẹ kí gbogbo ayé pa mọ́.

Àwọn tó ń gùn ún kì í ṣe òṣèré. Ọmọ ìyá mẹ́rin gan-an ni, ọmọkùnrin tí wọ́n bí tẹ̀ lé ara wọn láìsí obìnrin láàárín wọn, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 7 sí 21 lọ́jọ́ ayẹyẹ náà. Àrùn kòrónà sún ti 2020 síwájú, ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣe é. Ọdún 2030 ló tún kàn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Yúróòpù, tàbí tí ẹ ń gba ibẹ̀ kọjá, ọkọ̀ ojú irin ń lọ tààrà láti Brussels àti Ghent. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ sétí omi kí ẹ tó wọ ọjà, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ohun yòókù ti yé èèyàn. Bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ lọ ní 2030. Àwọn ọmọ mẹ́rin tí yóò gun Beiaard lọ́dún náà ti wà láyé báyìí.