Gbígbin Àwọn Ewéko Amómipamọ́ Pọ̀ Sínú Ìkòkò Kan: Àlàyé fún Olùkọ́

Ìfáàrà
Àwọn ewéko kan wà tí wọ́n máa ń fi omi pamọ́ sínú ewé tàbí igi wọn de ìgbà ọ̀dá. Lára èyí tí Yorùbá mọ̀ ni àbámodá, ọdúndún tí í ṣe ewé ẹ̀rọ̀, ọ̀já ìkookò àti ahọ́n erin. Wọ́n yẹ kíláàsì, nítorí wọ́n lè fara da ìsinmi ọlọ́sẹ̀ mélòó kan láìsí ẹni tí yóò bomi rin wọ́n. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ni ó ń kú sínú ìkòkò. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ohun tí ó ń fà á àti ọ̀nà àbáyọ.

Ìṣẹ̀dá Wọn
Ọ̀pọ̀ ewéko a máa ṣí ihò wínníwínní ara ewé wọn lọ́sàn-án, oòrùn a sì fa omi wọn lọ. Òru ni àwọn wọ̀nyí ń ṣí tiwọn. Wọn a sọ afẹ́fẹ́ tí wọ́n gbà wọlé di èròjà kíkan, wọn a sì fi ṣe oúnjẹ nígbà tí oòrùn bá yọ. Nínú lẹ́tà Benjamin Heyne, tí a tẹ̀ jáde ní 1815, ó ṣàkíyèsí pé ewé àbámodá a máa kan lẹ́nu ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n kíkan náà kì í sí mọ́ lọ́sàn-án.

Yíyan Èyí Tí Yóò Gbé Pọ̀
Ẹwà nìkan kọ́ ni a fi ń yàn wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń mu omi ṣe pàtàkì jù. Ọdúndún àti àbámodá ń fẹ́ omi ju ahọ́n erin àti ọ̀já ìkookò lọ. Nítorí náà, kí méjì àkọ́kọ́ wà nínú ìkòkò kan, kí méjì yòókù wà nínú òmíràn. Etí ewé àbámodá ni ọmọ rẹ̀ ti ń hù. Bí a kò bá ń ṣa àwọn tó bá já sílẹ̀, wọn yóò gba ìkòkò mọ́ èkejì lọ́wọ́. Kò yẹ kí a gbin orò sí kíláàsì ọmọdé, nítorí oje funfun rẹ̀ lè ṣe ojú ní jàǹbá.

Ìtọ́jú
Ìkòkò gbọ́dọ̀ ní ihò nídìí. Kí a po ilẹ̀dú mọ́ iyanrìn tí kò kúnná, nítorí ilẹ̀ amọ̀ nìkan a máa dá omi dúró. Bí omi bá kún inú ilẹ̀, gbòǹgbò kò ní rí afẹ́fẹ́, yóò sì jẹrà. Nítorí náà, kí a ti ìka bọ inú ilẹ̀ wò. Bí ó bá tutù, kí a má tíì bomi rin ín.

Àgbálọgbábọ̀
Ó hàn gbangba pé àpọ̀jù omi ló sábà máa ń pa wọ́n, kì í ṣe òùngbẹ. Olùkọ́ tí ó bá gbin ìkòkò méjì, tí ó ń bomi rin ọ̀kan lójoojúmọ́, tí ó sì ń dúró kí ilẹ̀ èkejì gbẹ, yóò fi èyí han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láàárín sáà kan.