"Fóònù Yín Ti Kó Kòkòrò": Ta Ló Yẹ̀ Ẹ́ Wò?

Ọ̀rọ̀ ìlera la máa ń sọ ní irú àkókò yìí. Ọ̀rọ̀ ìlera náà ni ti òní, àmọ́ fóònù ni aláìsàn. Tàbí kí n kúkú sọ pé wọ́n ń parọ́ fún yín pé ara rẹ̀ kò yá.

Ẹ máa ti rí i rí. Ẹ ń ka ìròyìn bọ́ọ̀lù, tàbí ẹ ń wá fíìmù Yorùbá tí ẹ fẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́, lójijì ojú fóònù pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó ń gbọ̀n lọ́wọ́ yín. Ó kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà lédè Faransé: « Votre téléphone est infecté par 13 virus ! » Ó dárúkọ irú fóònù tí ẹ ń lò. Aago kan ń kà sẹ́yìn lábẹ́ rẹ̀, ó ní bí ẹ kò bá tẹ bọ́tìnnì yìí kí ìṣẹ́jú méjì tó pé, gbogbo fọ́tò yín á parẹ́, káàdì SIM yín á bàjẹ́.

Ìyá kan láti inú ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ wa fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Aṣọ ni wọ́n ń tà, wọ́n máa ń ra ọjà ní Aflao gba ẹnubodè wọlé, owó àjọ àwọn obìnrin mẹ́rìnlá sì wà lórí fóònù wọn. Wọ́n ní irú ìkìlọ̀ yìí ń jáde lójú fóònù àwọn ní àìmọye ìgbà lójúmọ́, kódà nígbà tí àwọn kò ṣí nǹkan kan. Wọ́n ní: "Tíṣà, ṣé owó olówó kò ní lọ báyìí?" Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí kì í ṣe ìyá yìí nìkan ni kò sùn dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé ẹ̀rù lọ. Ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ kàn ṣí kò lè wo inú fóònù yín kó máa ka iye kòkòrò tó wà níbẹ̀. Kò ní ojú tó lè fi rí i. Ohun tó lè mọ̀ kò ju irú fóònù tí ẹ ń lò, èdè tó wà lórí rẹ̀, àti ìlú tí ẹ wà, gbogbo ojú ewé tí ẹ bá sì ṣí ló máa ń rí ìyẹn. Nítorí náà, tó bá dárúkọ Tecno tàbí Samsung, kò túmọ̀ sí pé ó ti wọ inú ilé. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí tó ń pariwo iná.

Ẹ rántí ọkùnrin tó máa ń dìde nínú ọkọ̀ bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní gáréèjì. Á ní kí ẹni tí ẹ̀yìn ń ro gbọ́, kí ẹni tí inú rẹ̀ ń kùn gbọ́, kí ẹni tí ó ń rẹ̀ láàárọ̀ gbọ́. Ta ni inú rẹ̀ kì í kùn? Ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, kò yẹ ìtọ̀ ẹnikẹ́ni wò, síbẹ̀ gbogbo èrò ọkọ̀ ti di aláìsàn, oògùn sì rèé nínú báàgì rẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ẹ lè rí ojú ọkùnrin inú ọkọ̀.

Jìbìtì yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe àwa aláìmọ̀wé nìkan ló ń bá a pàdé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tijú. Ní ọdún 2008, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbèjà oníbàárà, tí wọ́n ń pè ní FTC, gbé àwọn kan lọ sílé ẹjọ́ nítorí ètò kọ̀ǹpútà bíi WinFixer àti XP Antivirus. Wọ́n á gbé àyẹ̀wò irọ́ sójú kọ̀ǹpútà, á ní òun rí kòkòrò, á sì ta oògùn. Àwọn tó rà á lé ní mílíọ̀nù kan. Ní 2012, ilé ẹjọ́ ní kí ọ̀kan nínú wọn san owó tó lé ní mílíọ̀nù 163 dọ́là.

Lọ́dún 2014, áàpù kan wà lórí Play Store, Virus Shield lorúkọ rẹ̀, dọ́là mẹ́rin ó dín díẹ̀ ni wọ́n ń tà á. Àwọn tó rà á lé ní 10,000, wọ́n sì ń yìn ín. Nígbà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ tú inú rẹ̀ wò, gbogbo ohun tó ń ṣe ò ju pé bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, àmì "X" á yí padà di àmì "ó dára". Ó parí! Google yọ ọ́ kúrò, wọ́n sì dá owó àwọn èèyàn padà. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí ó fi hàn pé ọkàn balẹ̀ làwọn èèyàn ń rà, kì í ṣe oògùn.

Ilé ìtajà ńlá pàápàá kò yọ sílẹ̀. Ní 2019, FTC fẹ̀sùn kan Office Depot ní Amẹ́ríkà pé bí oníbàárà bá gbé kọ̀ǹpútà wá, wọ́n á bi í ní ìbéèrè mẹ́rin: ṣé ó ń fà? ṣé ó máa ń kú lójijì? Bí ó bá ti lè dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí ẹyọ kan, àyẹ̀wò náà á sọ pé àmì kòkòrò wà níbẹ̀, ohun yòówù kó wà nínú kọ̀ǹpútà náà. Ilé ìtajà náà gbà láti san mílíọ̀nù 25 dọ́là, ilé iṣẹ́ tó bá wọn ṣe ètò náà sì san mílíọ̀nù mẹ́wàá.

Ní báyìí, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan owó àjọ. Olè ayé àtijọ́ kàn ń ta oògùn tí kò ṣiṣẹ́ ni. Ti ìsinsìnyí, oògùn gan-an ni kòkòrò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ilé iṣẹ́ Check Point kéde pé àwọn rí áàpù mẹ́fà lórí Play Store tó ń pe ara wọn ní antivirus, bẹ́ẹ̀ SharkBot ló wà nínú wọn, ìyẹn ètò tó ń jí orúkọ àti nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí èèyàn fi ń wọ báǹkì rẹ̀. Wọ́n ti gbé e sórí fóònù ní ìgbà tó lé ní 15,000. Ará Ítálì àti ará Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kó sí i, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ kò mọ ẹnubodè. Bí áàpù bẹ́ẹ̀ bá wọlé, á ní kí ẹ gba òun láyè níbi tí wọ́n kọ « Accessibilité » sí. Bí ẹ bá gbà, ó lè ka ohun tó wà lójú fóònù, ó lè tẹ bọ́tìnnì fúnra rẹ̀, ó lè ka SMS. Ẹni tó ń fi Flooz gba owó, tàbí Mixx tí gbogbo wa mọ̀ sí T-Money tẹ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ó yá, ẹ mú fóònù jáde. Èdè Faransé ló wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù wa, nítorí náà màá pe ọ̀rọ̀ bí ó ṣe wà lójú rẹ̀.

Bí ìkìlọ̀ bá gba gbogbo ojú fóònù, ẹ má tẹ nǹkan kan lórí rẹ̀. Ẹ má tẹ "X" tó wà ní kọ̀rọ̀ rẹ̀ pàápàá, torí àwòrán lásán lè ni, òun náà á gbé yín lọ síbi tí wọ́n ń fẹ́. Ẹ jáde sójú ewé àkọ́kọ́ fóònù, ẹ ṣí àwọn áàpù tó wà ní títàn, kí ẹ fi ìka ti Chrome dànù. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí Chrome, kí ẹ wọ ibi « Effacer » tàbí « Supprimer les données de navigation » kí ẹ gbá ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́.

Ti ìyá wa aláṣọ yàtọ̀ díẹ̀, òun ló sì wọ́pọ̀ jù. Ìkìlọ̀ tó ń jáde nígbà tí wọn kò ṣí nǹkan kan, àyè la gbà á. Lọ́jọ́ kan, ojú ewé kan sọ pé: "Tẹ « Autoriser » kí n lè mọ̀ pé èèyàn ni ọ́, o kì í ṣe rọ́bọ́ọ̀tì." Ẹni tó ń wá fíìmù á tẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni ojú ewé náà ti gba ìyọ̀ǹda láti máa kan ilẹ̀kùn nígbà tó bá wù ú. Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì rárá. Alálejò tí a fún ní kọ́kọ́rọ́ ni.

Bí a ṣe ń gba kọ́kọ́rọ́ náà padà nìyí. Ẹ ṣí Chrome, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè, ẹ wọ « Paramètres », lẹ́yìn náà « Paramètres des sites », kí ẹ wá tẹ « Notifications ». Ẹ óò rí orúkọ àwọn ojú ewé tí ẹ ti gbà láyè. Àwọn orúkọ kan máa rí wúruwùru, bí ẹni pé ọmọdé ló ń fi lẹ́tà ṣeré. Ẹ tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ mú « Bloquer ». Bí ẹ kò bá rí i bẹ́ẹ̀ lórí fóònù tiyín, ẹ dúró de ìkìlọ̀ náà kó jáde, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láì gbé e kúrò, fóònù á sọ ẹni tó rán an wá, á sì fún yín ní àyè láti pa á.

Bí ẹnìkan bá ti wá gbé áàpù náà wọlé ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ gé íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ « Mode avion ». Ẹ lọ sí « Paramètres », « Applications », kí ẹ máa wo orúkọ wọn: Cleaner, Booster, Antivirus kan tí ẹ kò mọ ìgbà tó dé. « Désinstaller » ni ẹ máa tẹ̀. Nígbà mìíràn bọ́tìnnì yẹn kì í gbọ́, nítorí áàpù náà ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ « Applications d'administration de l'appareil » sí lábẹ́ « Sécurité », ẹ yọ ọ́ nípò ọ̀gá, ẹ padà wá lé e jáde. Ẹ yọ ọ́ kúrò lábẹ́ « Accessibilité » náà. Tó bá ṣì ń yọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń pa fóònù, kí ẹ tẹ « Éteindre » mọ́lẹ̀ títí fóònù á fi béèrè « Mode sans échec ». Ní ipò yẹn, kìkì ohun tó bá fóònù wá láti ilé iṣẹ́ ló ń ṣiṣẹ́, àlejò kò lè jà. Lé e nígbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tan íntánẹ́ẹ̀tì padà, ẹ ṣí Play Store, ẹ tẹ àwòrán yín lókè, « Play Protect », « Analyser ». Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ti wà lórí fóònù yín tipẹ́. Kí fóònù di òfìfo pátápátá ló kẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ má sì ṣe é láì tíì kó fọ́tò àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà pamọ́ síbòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ àwọn atúnfóònùṣe. Mo mọ àwọn ọmọ tó gbọ́ iṣẹ́ yìí dáadáa ní Dékon, ẹ má bẹ̀rù wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ yín pé òun fi antivirus síbẹ̀, ẹ ní kó fi hàn yín lójú yín. Áàpù tí ẹnikẹ́ni bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìbáà jẹ́ àbúrò yín ló fi ránṣẹ́, ẹ má gbé e wọlé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń lo kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ lè kún fún orúkọ Microsoft, kó máa ké, kó ní ẹ pe nọ́ńbà kan kíákíá. Microsoft kì í kọ nọ́ńbà fóònù sínú ìkìlọ̀ wọn. Tí ẹ bá pè é, ẹni tó gbé e á ní kí ẹ gbé AnyDesk sórí kọ̀ǹpútà kí òun lè bá yín tún un ṣe, ibẹ̀ lowó á ti lọ. Ẹ tẹ Alt àti F4 pọ̀, tàbí Ctrl, Shift àti Échap, kí ẹ pa Chrome níbẹ̀. Antivirus ti bá Windows 10 àti 11 wá, ẹ kò nílò láti ra òmíràn nítorí ẹ̀rù.

Òfin wà. Òfin nọ́ńbà 2018-026 ti ọjọ́ keje oṣù Kejìlá ọdún 2018 ló de jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Tógò, àjọ ANCy àti CERT.tg ló ń bójú tó ààbò rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè Áfíríkà péjọ sí Lomé níbí, wọ́n sì buwọ́ lu ìwé àdéhùn tí wọ́n fi orúkọ ìlú wa pè. Ó dára bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ìwé yẹn kò tíì dé orí tábìlì aláṣọ lọ́jà, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ ọ́ lórí rédíò.

Ìyá wa, ìdáhùn yín rèé. Bí ẹ kò bá gbé áàpù kankan wọlé, tí ẹ kò sì kọ kóòdù ìkọ̀kọ̀ yín síbikíbi, owó àjọ wà níbi tó wà. Ẹ ti ilẹ̀kùn « Notifications » yẹn, ariwo á dáwọ́ dúró. Àmọ́ bí ẹ bá ti kọ kóòdù, ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà sùn. Ẹ yọ SIM kúrò nínú fóònù yẹn, ẹ fi sínú fóònù mìíràn, kí ẹ yí kóòdù padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì mú káàdì ìdánimọ̀ yín lọ sí ọ́fíìsì Yas tàbí Moov fúnra yín. Bí ẹnikẹ́ni bá pè pé òun ni « service client », pé kí ẹ ka kóòdù fún òun kí òun lè bá yín dí owó náà mọ́, ẹ pa ìpè. Bí owó bá ti lọ, ẹ sọ fún àwọn obìnrin mẹ́tàlá yòókù lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì kọjá sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, nọ́ńbà wọn ni 117.

Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́, níbi ìpàdé yín ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù ṣí « Notifications » Chrome rẹ̀ lójú gbogbo yín, kí ẹ ka iye àlejò tó wà lórí fóònù kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, a ó kà á lórí afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ Sátidé.