Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìyẹ̀wò Àrùn Awọ-Ara Lórí Fídíò

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Lọ́dún 1968, àwọn dókítà ilé-ìwòsàn Massachusetts General ní Boston bẹ̀rẹ̀ sí í fi tẹlifíṣọ̀n yẹ aláìsàn wò ní pápákọ̀ òfurufú Logan. Àrùn awọ wà lára ohun tí wọ́n yẹ̀ wò. Lónìí, fóònù lè ṣe irú iṣẹ́ náà láàrin Ìperu àti ilé-ìwòsàn ńlá tí ó wà ní Ṣàgámù. Ọ̀rọ̀ wo ni dókítà àti aláìsàn yóò fi gbọ́ ara wọn yé?

Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ náà pín sí. Bí àwọn méjèèjì bá ń wo ara wọn lákòókò kan náà, a dábàá *ìyẹ̀wò ojúkojú orí fídíò*. Bí a bá ya àwòrán ránṣẹ́ kí dókítà wò ó nígbà tí àyè bá gbà á, a dábàá *ìyẹ̀wò àfiránṣẹ́*. Fídíò ti di ọ̀rọ̀ àyálò tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Kò sí ìdí láti pààrọ̀ rẹ̀.

Àwọ̀ ni ó ṣòro jù. Ká ní ìyá kan ní Ìperu gbé apá ọmọ rẹ̀ síwájú fóònù, tí dókítà sì bi í pé, ‘Ṣé ojú ibẹ̀ pupa?’ *Pupa* kó àwọ̀ ẹ̀jẹ̀, àwọ̀ epo àti ara ọmọ tí kò dúdú pọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, lára adúláwọ̀, ibi tí ó wú lè dúdú sí i tàbí kí ó dà bí elésè-àlùkò. Ìbéèrè tí ó yẹ ni: ‘Ṣé ibẹ̀ yàtọ̀ sí awọ tí ó yí i ká? Ṣé ó gbóná?’

Fídíò kò lè fọwọ́ kan ara. A dábàá *àbàwọ́n pẹlẹbẹ* fún èyí tí kò yọ sókè, àti *kókó* fún èyí tí ó yọ. Kí iná ti ẹ̀gbẹ́ wá, kí òjìji lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn.

Orúkọ tí a bá sọ àrùn lè ṣini lọ́nà. Àbàwọ́n ẹ̀tẹ̀ lè jọ lápálápá, ṣùgbọ́n ó lè má mọ ìfọwọ́kàn. Bí ògbufọ̀ bá kọ ‘lápálápá’ nìkan nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ìyá ọmọ wí, dókítà lè má ní kí nọ́ọ̀sì fi òwú kan ibẹ̀. Àkóbá ńlá nìyẹn, nítorí pé àpapọ̀ oògùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí lọ́dún 1981 ń wo ẹ̀tẹ̀ sàn, bí a bá tètè mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, kí ògbufọ̀ kọ ohun tí ojú rí àti ohun tí ara mọ̀ ṣáájú orúkọ tí ilé ń pe àrùn.