Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Òkèèrè Wo Ni Kí Ọmọ Yín Yàn?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré lásán létí yín, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣí ojú ìwé náà kọjá. Eré tí a ń wí yìí ti wọ inú ilé wa, ó ti jókòó sídìí àwo oúnjẹ wa, ó sì ti ń bá wa pín àkókò ìrun.

Ní ilé tèmi ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, Arsenal ni ọmọkùnrin mi àgbà ń ṣe, Chelsea sì ni àbúrò mi tí ó ń gbé lọ́dọ̀ wa ń ṣe. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ẹgbẹ́ méjèèjì pàdé ní London, ọ̀kan sì na èkejì. Èmi kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, nítorí pé èmi ni mo ń pe ìrun ní mọ́sálásí àdúgbò wa. Nígbà tí mo padà délé, mo bá iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí ìyàwó mi gbé kalẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ọmọ ti fi àbúrò bàbá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, àbúrò bàbá sì ti na ọwọ́ sí ọmọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni àwọn méjèèjì fi ń kọjá lára ara wọn láìkí ara wọn, nínú ilé kan ṣoṣo, nítorí àwọn ènìyàn tí kò mọ̀ pé Ìkẹ́rẹ́ wà láyé.

Ní ọjọ́ kẹta, mo pè wọ́n jókòó, mo sì parí ìjà náà. Bí mo ti fẹ́ dìde ni àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún 11, bi mí pé, "Bàbá mi, èwo nínú wọn ni kí èmi ṣe?"

Ìyàwó mi dá a lóhùn láti ìdí ààrò pé, "Má ṣe ìkankan!"

Ó rọrùn láti wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ronú sí i pé ọmọ tí a bá lé kúrò nídìí ọ̀rọ̀ nínú ilé, ìta ni yóò ti lọ gba ìmọ̀ràn, lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀. Mo ní kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mo bi àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀, mo kà á nínú ìwé ìròyìn, mo sì lọ sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù fúnra mi. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́.

KÍ NI Ó SO WÁ MỌ́ WỌN?

Ẹ má ṣe rò pé orí àwọn ọmọ yìí kò pé. Okùn kan wà tí ó so wá mọ́ bọ́ọ̀lù àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti pẹ́. Ní ọdún 1949, àwọn agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ wa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí England, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì wọ bàtà gbá bọ́ọ̀lù náà. Teslim Balogun wà nínú wọn, ọmọ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní "Thunder", èyí tí í ṣe àrá, nítorí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le tó. Ní ọdún 1956, ó wọ ẹgbẹ́ Queens Park Rangers ní London. Orúkọ rẹ̀ ni pápá ìṣeré kan ń jẹ́ ní Sùúrùlérè, ní Èkó, títí di òní.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Nwankwo Kanu dé. Òun ni balógun àwọn ọmọ wa tí wọ́n gba wúrà Òlíḿpíìkì ní Atlanta ní ọdún 1996. Ní ọdún kan náà, àwọn dókítà rí i pé àléébù wà ní ọkàn rẹ̀, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù rẹ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1999, ó wọ Arsenal. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Chelsea ti fi góòlù 2 sí òdo ṣáájú Arsenal, Kanu nìkan gbá 3 wọlé, Arsenal sì borí. Ní ọdún 2000, ó dá àjọ kan sílẹ̀ tí ó ń ran àwọn tí ó ní àrùn ọkàn lọ́wọ́. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ wa ṣe di ilé Arsenal. Nígbà tí Mikel Obi wọ Chelsea ní ọdún 2006, tí ó sì wà nínú àwọn tí ó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Yúróòpù ní ọdún 2012, ọ̀pọ̀ ilé mìíràn di ti Chelsea.

Nítorí náà, ìbéèrè kìíní tí ẹ ó bi ọmọ yín ni pé: kí ni ó so ọ́ mọ́ wọn? Bí ó bá dáhùn pé, "Nítorí pé wọ́n ń borí ni," ẹ sọ fún un pé kò tíì yàn. Ẹni tí ó ń tẹ̀ lé aborí yóò máa pààrọ̀ aṣọ lọ́dọọdún ni. Arsenal yìí kan náà gbá ìdíje 38 nínú líìgì ọdún 2003 sí 2004 láìpàdánù ẹyọ kan, ogún ọdún sì kọjá lẹ́yìn rẹ̀ tí wọn kò gba ife líìgì náà mọ́. Àwọn tí kò kúrò lẹ́yìn wọn ní àkókò náà kọ́ sùúrù.

Ẹ tún wo èyí. Kanu kúrò ní Arsenal ní ọdún 2004. Ní ọdún 2008, òun ni ó gbá góòlù kan ṣoṣo tí Portsmouth fi gba ife FA. Síbẹ̀, díẹ̀ nínú wa ni ó tẹ̀ lé e lọ sí Portsmouth. Ìfẹ́ náà ti kúrò lára ẹnì kan, ó ti di ti ilé, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tí ó wọlé nítorí ọkọ, tí ó sì wá di ti gbogbo ẹbí. Ìyẹn ni pé ohun tí ọmọ yín bá yàn ní ọmọdé lè bá a dàgbà. Ó yẹ kí ó yàn án pẹ̀lú làákàyè.

Ọmọbìnrin mi gbọ́ gbogbo èyí, ó ní, "Bàbá mi, ẹ ti gbàgbé àwa obìnrin." Òótọ́ ni. Òun ni ó sọ ìtàn Asisat Oshoala fún mi, ọmọ Mùsùlùmí láti Ìkòròdú, tí ó ti sọ fúnra rẹ̀ pé àwọn òbí òun kò fẹ́ bọ́ọ̀lù náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Liverpool ní 2015, fún Arsenal ní 2016, ó sì lọ sí Barcelona ní 2019. Ó wà nínú àwọn obìnrin Barcelona tí ó gba ife ẹ̀yẹ Yúróòpù ní 2021, ìgbà mẹ́fà ni wọ́n sì ti yàn án ní agbábọ́ọ̀lù obìnrin tí ó dára jù ní Áfíríkà. Ẹ̀yin ìyá, bí ọmọbìnrin yín bá ní òun fẹ́ ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, ẹ má ṣe lé e.

ÀKÓKÒ ÌRUN ŃKỌ́?

Ìbéèrè kejì ni ti agogo. Láti ìparí oṣù kẹwàá títí di ìparí oṣù kẹta, agogo wa fi wákàtí kan ṣáájú ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní agogo 3 ọ̀sán lọ́dọ̀ wọn, agogo 4 ni lọ́dọ̀ wa, ìrun Alásárì ti wọlé. Èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní agogo 5 ààbọ̀, agogo 6 ààbọ̀ ni níbí, Màgàríbì gan-an ni. Èyí tí wọ́n ń gbá lóru láàárín ọ̀sẹ̀ fún ife Yúróòpù, agogo 9 ni ó ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà òtútù wọn, yóò sì sún mọ́ agogo 11 kí ó tó parí. Ẹ sọ fún mi, ta ni yóò jí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún Àsùbáà?

Ní alẹ́ tí mo lọ sí ilé ìwòran náà, mo ka àwọn ọmọ Mùsùlùmí 14 tí mo mọ̀ lójú. Ohùn ìpè ìrun wọlé tọ̀ wá wá láti mọ́sálásí, ẹyọ kan kò mira. Inú mi bàjẹ́, nítorí pé àwọn kan nínú wọn, èmi ni mo kọ́ wọn ní kéú.

Èmi kò pariwo mọ́ wọn. Ìtàn kan ni mo sọ fún wọn, tí mo kà pé ó ṣẹlẹ̀ ní England ní oṣù kẹrin ọdún 2021, nínú oṣù Ràmàdáánì. Leicester ń bá Crystal Palace gbá bọ́ọ̀lù. Wesley Fofana ti Leicester àti Cheikhou Kouyaté ti Palace ń gbààwẹ̀. Nígbà tí oòrùn wọ̀, tí bọ́ọ̀lù kan jáde, Vicente Guaita tí ó ń ṣọ́ ilé fún Palace kò yára gbá a padà. Ó dúró, gbogbo pápá dúró, àwọn méjèèjì lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá, wọ́n ṣínu, wọ́n sì padà wá bá eré lọ. Mo wá bi àwọn ọmọ náà pé, "Bí àwọn tí ń gbá a bá lè dúró nítorí Ọlọ́run, kí ni ó dá ẹ̀yin tí ń wò ó dúró?"

Kò sí ẹni tí ó fèsì. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹni tí ó ni ilé ìwòran náà gbé bùútà méjì àti ẹní mẹ́ta sí ẹ̀yìn ilé. Ìrun Màgàríbì kò gba ìṣẹ́jú 10. Nísinsìnyí, àwọn tí ó ń kírun kí wọ́n tó jókòó ti ju mẹ́wàá lọ.

OHUN TÍ A KỌ SÍ ÀYÀ ÀTI OHUN TÍ Ó WÀ LÁPÒ

Ìbéèrè kẹta ni ti aṣọ. Kí ẹ tó ra jẹ́sì fún ọmọ, ẹ ka ohun tí a kọ sí i láyà. Láti ọdún 1992 títí di 2010, orúkọ ọtí bíà ni Liverpool gbé sí àyà. Orúkọ ilé tẹ́tẹ́ wà láyà ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ débi pé ní ọdún 2023, àwọn ẹgbẹ́ líìgì àgbà England fúnra wọn gbà pé àwọn yóò yọ ọ́ kúrò níwájú aṣọ lẹ́yìn ìdíje ọdún 2025 sí 2026. Ní ọdún 2013, Papiss Cissé, Mùsùlùmí láti Senegal, kọ́kọ́ kọ̀ láti wọ aṣọ Newcastle nítorí orúkọ ilé iṣẹ́ tí ń yáni lówó èlé tí ó wà lára rẹ̀, ó sì ṣe díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó yanjú. Bí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún bá lè béèrè, ó yẹ kí àwa tí a ń fi owó wa rà á béèrè.

Èyí tí ó burú jù ni tẹ́tẹ́ fúnra rẹ̀. Ìyá kan wá bá mi láti Emùré-Èkìtì, ó ń sunkún. Ọmọ rẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Àwọn oníbàárà fún un ní owó pé kí ó bá wọn ra aṣọ ọdún Iléyá, ó sì fi gbogbo rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ lé ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ràn, nítorí pé ó dá a lójú pé wọn yóò borí. Wọn kò borí. Ó sá kúrò nílùú. Ìyá rẹ̀ ta ẹ̀rọ ìlọta tí ó fi ń jẹun kí ó tó san gbèsè náà. Súrátù Máídà, ẹsẹ 90, ka tẹ́tẹ́ pọ̀ mọ́ ọtí, ó sì kọ méjèèjì fún wa. Ìfẹ́ ẹgbẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n bí owó bá ti wọ̀ ọ́, kì í ṣe ìfẹ́ mọ́.

KÍ Ẹ MÁ GBÀGBÉ ILÉ

Mo tún fẹ́ kí ọmọ tí ó bá yan ti òkèèrè yan ti ilé pẹ̀lú. Shooting Stars ti Ìbàdàn gba ife Áfíríkà ní ọdún 1976. Sunshine Stars ti Àkúrẹ́, tí kò jìnnà sí wa rárá, bá Al Ahly ti Íjíbítì figagbága ní ọdún 2012 nígbà tí ó ku ẹgbẹ́ mẹ́rin péré nínú ìdíje tí ó ga jù ní Áfíríkà. Àwa náà ní Ekiti United ní Adó.

Ẹ má ṣe sọ pé ìlú wa kéré. Ní ilẹ̀ Finland, wọ́n ní eré kan tí a ń pè ní pesäpallo, tí Lauri Pihkala dá sílẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn: ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù sókè, ẹnì kejì á fi igi gbá a, á sì sáré. Sotkamo jẹ́ ìlú tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò ju nǹkan bí 10,000 lọ, Ìkẹ́rẹ́ jù ú lọ fíìfíì. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ Sotkamo ti gba ife gbogbo Finland ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Àwọn ará ilé ni ó kọ́kọ́ gbé e ga kí àlejò tó mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, mo pe àbíkẹ́yìn mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Bàbá mi, Crystal Palace ni èmi yóò ṣe."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹgbẹ́ tí kò gba ife ńlá kan rí títí di ọdún 2025 nìyẹn, àti pé kò sí ẹnì kan ní àdúgbò wa tí ń ṣe é. Mo bi ọmọ náà ní ìdí rẹ̀. Ó ní, "Àwọn ni wọ́n dá bọ́ọ̀lù dúró kí ẹlòmíràn lè ṣínu."

Àbúrò mi wo ọmọkùnrin mi àgbà, ọmọkùnrin mi náà wo ojú ilẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, inú àwo kan ni àwọn méjèèjì ti jẹun.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bi ọmọ yín lálẹ́ òní ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe, kí ẹ sì bi í ní ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá jókòó gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ dé òpin, yóò jókòó gbọ́ ti ẹ̀yin náà.