Èèpo Ẹ̀gẹ́ Kì Í Ṣe Pàǹtí

Bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ àti Ìbẹ̀jú-Lekki, òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Ó ń rà, ó ń rùn, eṣinṣin ń kùn lórí rẹ̀. Pàǹtí ni a ń pè é. Ṣùgbọ́n sítáàṣì ṣì kù nínú rẹ̀, ibi tí sítáàṣì bá sì wà, owó ń bẹ níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà rẹ̀.

Ọ̀nà náà kò ṣàjèjì sí wa. Ìwúkàrà tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń jẹ ṣúgà inú ẹmu, tí ó ń sọ ọ́ di ọtí tí a fi ń ṣe ògógóró. Ẹbí kan náà sì ni ìwúkàrà, olú inú igbó, àti èbu tí ń hù lára oúnjẹ tí ó bá hùkàsì.

Èbu dúdú kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Aspergillus niger. Ní ọdún 1917, James Currie, ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí a bá gbìn ín sínú omi ṣúgà, yóò mú ásíìdì sítíríìkì jáde lọ́pọ̀lọpọ̀. Èyí ni èròjà kíkan inú ọsàn wẹ́wẹ́. Ọsàn lẹ́mọ́ọ̀nù ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n ti ń rí i tẹ́lẹ̀. Ní 1919, ilé iṣẹ́ Pfizer bẹ̀rẹ̀ sí í fi èbu ṣe é ní Brooklyn. Lónìí, èbu ni a fi ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú èyí tí a ń tà lágbàáyé, fún ọtí ẹlẹ́rìndòdò, oògùn àti ọṣẹ.

Èbu yìí lè jẹ sítáàṣì pẹ̀lú. Ní nǹkan bí ọdún 2000, àwọn onímọ̀ ní Curitiba, ilẹ̀ Brazil, rí ásíìdì yìí láti ara ìyókù ẹ̀gẹ́ tí a ti fún sítáàṣì rẹ̀ kúrò. A ń se ìyókù náà kí èbu mìíràn lè kú, a ń gbin irúgbìn èbu dúdú sí i, a sì ń fi í sí ibi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí atẹ́gùn ń wọ̀, fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni a ń fi omi fọ ásíìdì náà jáde.

Kí ni èyí kàn wá? Ní oṣù January 2023 ni a ṣí Èbúté Lekki, omi rẹ̀ sì jìn tó mítà 16.5, tí ọkọ̀ ńláńlá fi lè gúnlẹ̀. Ilẹ̀ Ṣáínà ni ó ń ṣe ásíìdì yìí jù lọ. Ọ̀nà omi tí ń gbé ọjà òkèèrè wọlé lè gbé tiwa náà jáde. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kì í ra èèpo tí ó kún fún iyanrìn.

Ẹ ṣọ́ra o! Kì í ṣe gbogbo èbu ni ọ̀rẹ́. Ní 1960, tòlótòló tí ó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí oúnjẹ ẹ̀pà tí èbu olóró ti bà jẹ́. Sísè lásán kì í mú oró náà kúrò. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èèpo sílẹ̀ kí ó hùkàsì nílé, kí ó ní òun ń ṣe ásíìdì. Iṣẹ́ onímọ̀ ni. Tiwa nìyí:

1. Ẹ fọ ẹ̀gẹ́ kí ẹ tó bó o.
2. Lọ́jọ́ tí ẹ bá bó o gan-an ni kí ẹ gé èèpo wẹ́wẹ́, kí ẹ sá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí sìmẹ́ńtì. Èèpo tútù ní májèlé. Sísá sóòrùn a máa dín in kù.
3. Nígbà tí ó bá ń dún kẹ́kẹ́ bí a ti ń ṣẹ́ ẹ, ẹ kó o sínú àpò, kí ẹ gbé e sórí pákó.
4. Ẹ da èyí tí ó bá hùkàsì nù. Ẹ má fi fún ẹran.
5. Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kó tirẹ̀ jọ síbì kan, kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Bí ilé iṣẹ́ kò bá tíì dé, ewúrẹ́ àti àgùntàn yóò jẹ èèpo gbígbẹ náà. Kò sí àdánù. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ìmọ̀ sí i lè ránṣẹ́ sí FIIRO ní Òṣòdì, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1956. Ẹ má ṣe lọ lọ́kọ̀ọ̀kan: àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.