Ẹ Bèèrè Kí Ẹ Tó Sanwó: Ọmọ Tí Ń Lọ Kọ́ Síkì Lórí Òkè Òjò Dídì

 

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún yìí, ìyá àgbà kan wá sí dìsípẹ́ńsárì wa. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ni ó bá wá. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò tán, kò dìde. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi." Mo ní, "Ẹ máa sọ ọ́, Ìyá, mo ń gbọ́."

Ó sọ fún mi pé ọmọ òun obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bí ọmọ méjì. Ilé-ìwé wọn fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí ilẹ̀ Ọ́stríà fún ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Èrèlé, kí wọ́n lọ kọ́ síkì. AA ni èyí obìnrin, SS ni èyí ọkùnrin. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọkùnrin yìí, ó sì ń sunkún pé dandan ni kí òun lọ. Ìyá rẹ̀ wá ń rò ó pé bóyá kí òun má kọ SS sínú ìwé tí ilé-ìwé fi ránṣẹ́, kí wọ́n má baà yọ ọmọ náà kúrò. Ìyá àgbà bi mí pé, "Kí ni kí n sọ fún un?"

Ẹ ó gbọ́ èsì tí mo fún un. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni irú èyí lè bá. Púpọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ àti ọmọ-ọmọ ní ìlú òyìnbó, ẹ̀yin ni wọ́n sì ń tẹ̀ láago bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò.

KÍ NI SÍKÌ?

Síkì ni pákó méjì tẹ́ẹ́rẹ́ tí orí wọn tẹ̀ sókè, tí a ń so mọ́ bàtà líle, kí a lè máa yọ̀ lórí òjò dídì láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ẹ má sọ pé eré àwọn òyìnbó nìkan ni. Ní ọdún 2022, Samuel Ikpefan fi síkì sáré fún Nàìjíríà ní ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Beijing. Eré dáradára ni, ó ń fún ẹsẹ̀ àti ọkàn lágbára. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni kí òbí mọ̀ kí ó tó sanwó: irú ara tí ọmọ ní, àti bí wọn yóò ṣe kọ́ ọ.

ARA ỌMỌ NI KÍ Ẹ KỌ́KỌ́ WÒ

Ẹ wádìí bóyá AA, AS tàbí SS ni ọmọ. Èyí yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ O tàbí A tàbí B tí a ń wò nígbà tí a bá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ síni lára.

Bí ọ́síjìn bá dín nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, hóró pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a tẹ̀ bí dòjé, wọn a sì dí àwọn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kéékèèké. Ibẹ̀ ni ìrora ńlá ti ń wá. Ohun mẹ́rin tó sábà máa ń fa ìrora náà ni òtútù, òùngbẹ, àṣejù iṣẹ́ ara, àti ibi gíga tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà lórí òkè síkì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. N kò sọ pé kò sí ọmọ SS kan tó lè fẹsẹ̀ kan òjò dídì. Dókítà tó mọ ọmọ náà, tó ń tọ́jú rẹ̀, ni kí ó sọ bóyá kó lọ tàbí kó má lọ. Kì í ṣe ẹkún ọmọ ni kí ó pinnu rẹ̀.

Ẹni tó jẹ́ AS kì í ṣe aláìsàn. Ní Nàìjíríà, ó sún mọ́ ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́rin tó jẹ́ bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ni yóò sì gun òkè láìsí wàhálà. Síbẹ̀, ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé ibi gíga a dá ìrora líle sílẹ̀ fún AS lábẹ́ ìhà òsì. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ kíákíá, kí wọ́n sì sọ fún dókítà pé AS ni.

Ẹ bèèrè bí ibẹ̀ ti ga tó. Ìlú St. Anton ní Ọ́stríà ga tó nǹkan bí mítà 1,300, ṣùgbọ́n ọkọ̀ orí wáyà ń gbé ènìyàn láti ibẹ̀ kọjá mítà 2,800. Tí a bá ti ga tó nǹkan bí mítà 2,500, ẹni tí ara rẹ̀ le pàápàá lè ní ẹ̀fọ́rí àti èébì. Ẹ má sì tan ara yín pé oòrùn kì í jó awọ dúdú. Òjò dídì tuntun lè dá ìtànṣán tí ń jó awọ padà sí ojú wa, tó ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ nílò ìpara oòrùn, ó sì nílò awò dúdú.

Ọ̀NÀ MẸ́TA TÍ WỌ́N FI Ń KỌ́NI

Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, olùkọ́ wa kan fún wa ní ọsàn àti abẹ́rẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ń gún ọsàn kí a tó fọwọ́ kan ènìyàn. Olùkọ́ mìíràn ní ìyẹn ń fi àkókò ṣòfò. A kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ọlọ́sàn ni ọwọ́ mi ti dẹ́kun gbígbọ̀n. Irú iyàn bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùkọ́ síkì ti ń bá ara wọn jà láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọ̀nà kìíní ni ti Hannes Schneider, ọmọ Ọ́stríà, tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni ní St. Anton ní ọdún 1907. Ọmọ yóò fa orí pákó méjèèjì súnmọ́ ara wọn níwájú, yóò sì la ẹ̀yìn wọn, bí lẹ́tà V tí a dorí rẹ̀ kodò. Àwọn olùkọ́ ọmọdé lónìí ń pè é ní písà. Etí pákó yóò máa họ òjò dídì, eré yóò sì dínkù. Tí ó bá mọ èyí, wọn a kọ́ ọ bí a ṣe ń yà, lẹ́yìn náà ni pákó méjèèjì yóò wá máa rìn pọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àléébù rẹ̀ ni pé itan a máa ro ọmọ tó bá pẹ́ jù níbẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn Faransé, tí Émile Allais, tó gba ipò kìíní ní àgbáyé ní ọdún 1937, mú lókìkí. Pákó méjèèjì wà ní ìbú kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ a kọ́ bí a ṣe ń yọ̀ ní ìhà, àti bí a ṣe ń yà kọjú sí ẹ̀gbẹ́ òkè láti dúró. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ẹsẹ̀ tó lágbára àti ọkàn tí kò bẹ̀rù.

Ọ̀nà kẹta ni èyí tí Clif Taylor mú jáde ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1960. Pákó kúkúrú, tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ lọ, ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀, wọn a sì máa fún un ní èyí tó gùn sí i bí ó ti ń mọ̀ ọ́n. Pákó kúkúrú rọrùn láti yí, ṣùgbọ́n kò dúró dáadáa bí eré bá pọ̀.

Lóde òní, púpọ̀ nínú ilé-ẹ̀kọ́ síkì ni ó ń da àwọn ọ̀nà yìí pọ̀. Lójú tèmi, ọmọ kékeré ni kí ó fi ọ̀nà kìíní bẹ̀rẹ̀, lórí pákó kúkúrú. Àgbà tí ara rẹ̀ le lè tètè bọ́ sí ọ̀nà kejì. Ṣùgbọ́n ju orúkọ ọ̀nà lọ, ẹ bi wọ́n pé, "Kí ni ọmọ mi yóò kọ́ ní ọjọ́ kìíní?" Bí wọ́n bá ní àwọn yóò gbé e dé ṣóńṣó òkè, ẹ má sanwó. Bí wọ́n bá ní bí a ṣe ń ṣubú, bí a ṣe ń dìde, àti bí a ṣe ń dúró, ẹ lè máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ MÌÍRÀN

1. Ǹjẹ́ olùkọ́ náà ní ìwé ẹ̀rí tí ilẹ̀ náà mọ̀? Ǹjẹ́ ó gbọ́ èdè tí ọmọ gbọ́?

2. Ọmọ mélòó ni ó wà lọ́wọ́ olùkọ́ kan? Ṣé wọ́n pín wọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n sí?

3. Ta ni yóò ṣètò ìdè tó so bàtà mọ́ pákó? Ó yẹ kí ìdè yìí já fúnra rẹ̀ bí ọmọ bá ṣubú, kí orúnkún má baà yí. Bí ọmọ ti wúwo, bí ó ti ga, àti bí ó ti mọ síkì tó ni wọ́n fi ń ṣètò rẹ̀, nítorí náà ẹ sọ òtítọ́.

4. Ǹjẹ́ gbogbo ọmọ ní àṣíborí líle, bí irú èyí tí ọlọ́kadà ń dé? Ilẹ̀ Ítálì ti sọ ọ́ di òfin fún àwọn ọmọdé láti ọdún 2005.

5. Ìsinmi mélòó ni ó wà lójúmọ́? Ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ kì í gbọ́ràn sí olówó rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Kí ọmọ sì máa mu omi, bí kò tilẹ̀ gbẹ ẹ́ lọ́fun.

6. Ǹjẹ́ wọ́n ń kọ́ wọn ní òfin mẹ́wàá tí ẹgbẹ́ síkì àgbáyé ṣe ní ọdún 1967? Ọ̀kan nínú wọn ni pé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni kí ó yà fún ẹni tó wà níwájú.

7. Ǹjẹ́ ìnṣọ́ránsì yín sanwó fún ìpalára síkì, àti fún àìsàn tí ọmọ ti ní tẹ́lẹ̀? Bí ẹ bá fi àìsàn pamọ́, wọ́n lè kọ̀ láti san kọ́bọ̀.

Àwọn tó wà ní Britain lè kọ́kọ́ mú ọmọ lọ sí ilé ńlá tí wọ́n ń ṣe òjò dídì sí nínú, bí èyí tó wà ní Hemel Hempstead. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá ọmọ fẹ́ràn eré náà kí owó ńlá tó jáde.

ÈSÌ TÍ MO FÚN ÌYÁ ÀGBÀ

Mo ní, "Ìyá, ẹ sọ fún un kí ó kọ SS sínú ìwé náà gàdàgbà. Bí ìrora bá dé lórí òkè, olùkọ́ tí kò mọ̀ yóò rò pé òtútù ló mú ọmọ, tàbí pé àárò ilé ló ń sọ ọ́. Yóò ní kó lọ sùn. Wákàtí tí ọmọ fi sùn yẹn ni ó yẹ kó ti wà lọ́wọ́ dókítà."

Ọmọbìnrin rẹ̀ kọ òtítọ́. Dókítà ní nítorí pé wọ́n ti dá ọmọ náà dúró sí ọsíbítù ní oṣù Ọ̀wàrà, kí ó má lọ lọ́dún yìí, àwọn yóò tún un wò lọ́dún tí ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ, ó sì padà ní àlàáfíà. Ìyá àgbà wá sọ fún mi pé ọmọ náà kò fẹ́ bá òun sọ̀rọ̀ lórí fóònù mọ́, nítorí ó gbọ́ pé òun ló ní kí wọ́n kọ ọ́. Mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, Ìyá, ẹ jẹ́ kó bínú. Yóò dàgbà, yóò sì yé e."

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.