Kí Aṣọ Tó Padà Sínú Aró

Ẹni tó bá ti jókòó ti aláró rí, l'Ábẹ́òkúta tàbí l'Óṣogbo, mọ̀ pé kíki aṣọ bọ ìkòkò kọ́ ni iṣẹ́. Ọmọdé lè ṣe ìyẹn. Ìgbà tí wọ́n bá fà á yọ niṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Aṣọ á jáde ní àwọ̀ ewé, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, á sì máa di aró lójú ẹni. Ìyá aláró á nà án sókè, á yí i síwá sẹ́yìn. Bí kò bá tíì dúdú tó, kì í bú aṣọ. Á ní, "Aró mi ò tíì mú," á tún kì í bọ inú aró.

Ibi tí mò ń lọ jìnnà sídìí ìkòkò yẹn. Ìlú Reggio Emilia ni, ní àríwá Ítálì, níbi táwọn olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ti sọ fífà-yọ-wò di iṣẹ́ òòjọ́.

Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni iṣẹ́ wọn ti ṣẹ̀. Ní 1945, àwọn ará abúlé Villa Cella ta ọkọ̀ ogun kan, ọkọ̀ akẹ́rù mélòó kan àti ẹṣin táwọn ọmọ ogun Jámánì fi sílẹ̀ sá lọ, wọ́n sì fi owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ fáwọn ọmọ wọn. Tíṣà kan, Loris Malaguzzi, gbọ́, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ wò ó. Iṣẹ́ náà ló ṣe títí ó fi kú ní 1994. Ní 1963, ìjọba ìlú ṣí jẹ́lé-ó-sinmi tirẹ̀ àkọ́kọ́.

Olùkọ́ méjì ló ń wà ní kíláàsì kan, ọ̀kan kì í ṣe ọ̀gá èkejì. Bí ọ̀kan bá wà láàárín àwọn ọmọ, èkejì lè máa kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀, kó ya fọ́tò, kó gba ohùn wọn sílẹ̀. Ká ní ọmọ ọdún mẹ́rin kan ń kó òkúta lé òjìji rẹ̀ lórí, kó má baà sá lọ. Òjìji gun orí òkúta. Ọmọ dúró, ó ń wò ó. Olùkọ́ ní, "Ṣé oòrùn ló fà á?" Ọmọ ní, "Ẹ̀n-ẹ́n," ó bá lọ mumi.

Nígbà tí ilé bá dá, àwọn méjèèjì á ka ọ̀rọ̀ yẹn gẹ́lẹ́ bó ṣe jáde lẹ́nu. Ibẹ̀ laṣọ ti ń yí àwọ̀. Bóyá ọmọ gbà á tàbí kò gbà á kọ́ ni wọ́n ń wá. Olùkọ́ á bi ara rẹ̀ pé: Kí ni mo sọ kí ọmọ yìí tó kúrò níbẹ̀? Ta ló ní kí n dárúkọ oòrùn? Lọ́jọ́ kejì, òkúta á tún wà nílẹ̀, wọ́n á gbé fìtílà tì í, olùkọ́ á sì panu mọ́.

Ilé wọn rẹwà, àmọ́ kì í ṣe ilé ni mo ń jowú. Nígbà ayé Malaguzzi, ó ní nínú wákàtí 36 tí olùkọ́ wọn fi ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, 6 wà fún ìpàdé, ètò àti irú àyẹ̀wò yìí, owó oṣù sì wà lórí rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ìwé tó kún fún ABD lòbí ń béèrè.

Èmi náà kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi rí, ogójì ọmọ, èmi nìkan. Ọ̀kan fi búlúù kun ewúrẹ́ látorí dé ìrù. Mo fi bírò pupa fagi lé e, mi ò bi í léèrè ohunkóhun. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó gba iwájú ilé ọmọ náà kọjá. Aṣọ aró kún orí okùn, ó ń kán tó, tó, tó, ewúrẹ́ wọn sì sùn sábẹ́ rẹ̀.